Kí ẹ tó ra sólà, ẹ kọ́kọ́ wo òkè àjà

Bí ẹ bá wà ní Kàbà, Ìsánlú tàbí Mọ̀pà, nílẹ̀ Okun ní ìpínlẹ̀ Kogí, ní oṣù kẹta ọdún, ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, ẹ gun àga, kí ẹ na ọwọ́ sókè sí abẹ́ àjà iyàrá yín. Kí ọwọ́ tó kan pákó rárá ni ẹ ó ti mọ ooru lára àtẹ́lẹwọ́. Ooru yẹn ló ń jẹ owó yín. Òun ni kì í jẹ́ kí fáànù sinmi láti ọ̀sán di àfẹ̀mọ́júmọ́, òun ló ń mú kí firíìjì máa kùn ṣáá, òun náà ló sì ń mú kí èèyàn rò pé sólà tí òun rà kò tó.

Láti ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò, owó epo ti lé ọ̀pọ̀ èèyàn kúrò nídìí jẹnẹrétọ̀. Ìbéèrè tí mo ń gbọ́ jù nílẹ̀ Okun wa báyìí ni, "Ẹ̀gbọ́n, páànẹ́lì mélòó ni kí n rà?" Ìrírí ti kọ́ mi pé ìbéèrè kejì nìyẹn. Ti àkọ́kọ́ ni pé, kí ni ilé ọ̀hún ń jẹ, kí ló sì ń jẹ tí kò yẹ kó jẹ? Ilé tó ń jẹ àjẹjù, kò sí páànẹ́lì tó lè bọ́ ọ yó.

Ooru orí páànù

Páànù fẹ́lẹ́. Tí oòrùn ọ̀sán bá bà á, kì í pẹ́ tó fi máa gbóná débi tí ọwọ́ kò ní gbà á mọ́. A wá máa ta ooru náà sórí àjà, àjà a gbà á sára, a tún ta á sórí àwọn tó wà nísàlẹ̀. Fáànù kò lè lé irú ooru bẹ́ẹ̀ jáde, afẹ́fẹ́ gbígbóná kan náà ló ń yí po nínú iyàrá.

Ohun tó kéré jù lówó ni kí ẹ fún ooru náà lọ́nà àbájáde. Kí kápẹ́ńtà yọ ihò sí abẹ́ etí òrùlé ní ìhà méjèèjì ilé, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí 20, kí wọ́n sì fi nǹkan bí mítà 2 jìnnà síra. Kí ó tún yọ òmíràn sókè gan-an, lára ògiri onígun mẹ́ta tó wà lábẹ́ góńgó òrùlé. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́, òkè ló ń sá lọ. Mo ti rí ilé tí wọ́n yọ ihò ìsàlẹ̀ yí ká, tí wọn kò yọ ti òkè, tí ooru ibẹ̀ sì wà bó ṣe wà.

Ẹni tó bá mọ àwọn ilé àtijọ́ ní Yàgbà mọ òórùn ìgbẹ́ àdán nínú àjà. Ihò tí ẹ kò bá fi nẹ́ẹ̀tì bò, ẹ ti kọ́lé fún àdán nìyẹn. Nẹ́ẹ̀tì onírin ni kí ẹ lò, kí ojú rẹ̀ má ju mìlímítà 6 lọ. Ti rọ́bà, oòrùn a pa á, eku a sì jẹ ẹ́. Ẹ fi igi pẹlẹbẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ yí ká kí ẹ tó kan ìṣó sí i. Èyí tí wọ́n bá kàn mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nìkan, àdán á gba àárín rẹ̀ wọlé.

Ohun kejì ni fọ́ìlì, bébà dídán tí wọ́n ń tà ní yíyíká. Ó ń ṣiṣẹ́ gan-an, àmọ́ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lò ó lọ́pọ̀ ibi kò dára. Àwọn kan á tẹ́ ẹ sórí àjà, kí ojú dídán rẹ̀ kọjú sókè. Tí ọyẹ́ bá ti fẹ́ lẹ́ẹ̀kan, eruku á bò ó, bí eruku bá sì ti bò ó, kò dán mọ́, kò sì lè dá ooru padà mọ́. Àwọn mìíràn á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara páànù gan-an, ooru páànù á gba ara rẹ̀ kọjá, kò sì ní ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Abẹ́ igi òrùlé ló yẹ kí ẹ fi kọ́, kí ojú dídán kọjú sílẹ̀, kí àlàfo tó wà láàárín òun àti páànù má dín sí sẹ̀ǹtímítà 2 ààbọ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó kan wáyà iná tó là tàbí tó tú, nítorí irin ni í ṣe, iná á gba ara rẹ̀ rìn.

Ẹni tó bá ń kọ́lé lọ́wọ́ ní àǹfààní tó rọrùn jù: kó ra páànù tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọ̀ ọtí wáìnì àti àwọ̀ eérú dúdú ló ń wu àwọn èèyàn báyìí, ó sì rẹwà lójú lóòótọ́, àmọ́ àwọn àwọ̀ yìí ló ń fa oòrùn mọ́ra jù. Tí páànù bá ti gbó, ẹ lè kun ún ní funfun. Ẹ kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà kúrò, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ kun ọ̀dà ìpìlẹ̀ tó ń mú ìpẹtà, kí ẹ tó wá kun ọ̀dà funfun lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀yìn ọyẹ́, kí òjò tó dé, ni kí ẹ ṣe é. Bí ẹ bá kùn ún nígbà tí eruku ọyẹ́ ń fẹ́, eruku yẹn ni ẹ ń kùn mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ kan ṣe pàtàkì kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan àjà ilé tó ti pẹ́. Àwọn àjà aláwọ̀ eérú tó le, tó dà bíi páálí tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì pò, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ asbestos. Tí wọ́n bá gé e, tí wọ́n fọ́ ọ, tàbí tí wọ́n gbá a ní gbígbẹ, okùn tín-tìn-tín inú rẹ̀ á fò sínú afẹ́fẹ́, á wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè di àrùn jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Tó bá ṣì wà ní odidi, ẹ fi sílẹ̀, ẹ kun ọ̀dà lé e. Tó bá di dandan kí ẹ yọ ọ́, ẹ fi omi rin ín dáadáa, ẹ yọ ọ́ ní odidi, ẹ bo imú, kí àwọn ọmọdé má sì sí nítòsí.

Ilé amọ̀ kì í ṣe ìtìjú

Ó dùn mí tí mo bá rí i tí wọ́n ń wó ilé amọ̀ tó dúró ṣinṣin láti fi búlọ́ọ̀kù oníhò rọ́pò rẹ̀, tí wọ́n á wá máa wá owó fáànù kiri lẹ́yìn náà. Ògiri amọ̀ tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 30 máa ń gba ooru ọ̀sán sára díẹ̀díẹ̀ ni, tí yóò fi ráàyè dé inú, ilẹ̀ á ti ṣú, ẹ ó sì ti ṣí fèrèsé kí atẹ́gùn òru wọlé. Omi nìkan ni ọ̀tá rẹ̀. Ẹ fa etí òrùlé síta tó sẹ̀ǹtímítà 75, kí ẹ sì fi òkúta àti sìmẹ́ǹtì ṣe ìdí ògiri títí dé nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 45 láti ilẹ̀, níbi tí omi òjò máa ń ta sí.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni rírẹ́ ògiri amọ̀ ní sìmẹ́ǹtì. Amọ̀ máa ń wú tó bá mu omi, ó sì máa ń súnkì tó bá gbẹ. Sìmẹ́ǹtì kì í wú, kì í sì í súnkì bíi tirẹ̀. Yóò la, omi á gba ojú lílà náà wọlé, kò ní rí ibi jáde mọ́. Tí ẹ bá mú ègé sìmẹ́ǹtì tó já bọ́ lára irú ògiri bẹ́ẹ̀, tí ẹ yí i padà, ẹ ó rí amọ̀ tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn bí ìka, ó ti bó ara ògiri lọ. Amọ̀ ni kí ẹ fi rẹ́ amọ̀: amọ̀, iyanrìn àti koríko gbígbẹ tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n pò, tí wọ́n jẹ́ kó sùn mọ́jú kí wọ́n tó lò ó.

Ní ti fèrèsé, èyí tí wọ́n ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìdajì rẹ̀ péré ló ń ṣí. Lúfà tàbí onílẹ̀kùn ń ṣí tán. Ẹ jẹ́ kí fèrèsé méjì kọjú síra nínú iyàrá kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ló ń mú kí atẹ́gùn kọjá. Ògiri tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn ló ń jìyà jù, níbẹ̀ sì ni igi ti wúlò jù: máńgòrò, dóńgóyárò, tàbí èyí tó bá wù yín, àmọ́ kó jìnnà sí ìpìlẹ̀ ilé tó mítà 5 ó kéré tán, kó má bàa ta gbòǹgbò wọ abẹ́ ilé.

Ẹ ka ohun tí ilé ń jẹ

Ẹ̀yìn èyí ni kí ẹ tó mú bébà. Ẹ kọ wáàtì ohun èlò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi wákàtí tó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ sọ ọ́ di púpọ̀. Ohun tí ẹ ó rí ni wáàtì-wákàtí, òun ni oúnjẹ ilé. Gílóòbù LED 6, wáàtì 9 ọ̀kọ̀ọ̀kan, fún wákàtí 5: 270. Fáànù àjà 2, wáàtì 70, fún wákàtí 10: 1400. Tẹlifíṣọ̀n wáàtì 50 fún wákàtí 4: 200. Fóònù mẹ́rin: nǹkan bí 60. Firíìjì kékeré: ẹ jẹ́ ká pè é ní 1000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 2930.

Ẹ wo ibi tí oúnjẹ pọ̀ sí: fáànù. Bí ẹ bá fi fáànù DC, ìyẹn èyí tó ń lo iná bátìrì tààrà, tó ń jẹ wáàtì 30 rọ́pò méjèèjì, 1400 á di 600. 800 tó kúrò yìí kì í ṣe nǹkan kékeré. Bátìrì olómi 12 fóòtì, 200Ah kan, wáàtì-wákàtí 2400 ló ń gbà, ìdajì rẹ̀ ló yẹ kéèyàn lò, ìyẹn 1200, nítorí náà ìdá méjì nínú mẹ́ta bátìrì kan ni ẹ fi pamọ́ yẹn, pẹ̀lú páànẹ́lì bíi wáàtì 300. Bákan náà, tí gílóòbù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá jẹ́ ti àtijọ́ oníwáàtì 60, 1800 ni wọn ì bá jẹ dípò 270, ìmọ́lẹ̀ kan náà sì ni.

Firíìjì ní ìdánwò tirẹ̀. Ẹ mú owó bébà kan, ẹ fi há ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹ pa ilẹ̀kùn dé, kí ẹ wá rọra fà á. Tó bá yọ láìfi agídí ṣe, rọ́bà ibẹ̀ ti rọ̀, òtútù ń jò síta tọ̀sán-tòru. Ẹ ṣe é yí ilẹ̀kùn ká, pàápàá ní igun ìsàlẹ̀. Ẹ fi àlàfo sẹ̀ǹtímítà 10 sí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ gbé e jìnnà sí ìdáná, kí ẹ má sì gbé ọbẹ̀ gbígbóná sínú rẹ̀. Àwọn ìyá tó ń ta ẹja tàbí omi tútù lè kó ìgò omi kún ibi tó bá ṣófo nínú fírísà, kí wọ́n jẹ́ kó dì lọ́sàn-án nígbà tí oòrùn wà, kí wọ́n sì pa á lálẹ́. Yìnyín yẹn á mú òtútù dé òwúrọ̀ láìfi ọwọ́ kan bátìrì, bí wọn kò bá ti máa ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ kiri.

Áyọ́ọ̀nù ń jẹ tó wáàtì 1000, kẹ́tùlù oníná ń jẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ohun tó bá ń fi iná mú nǹkan gbóná, aago 11 sí aago 2 ọ̀sán ni kí ẹ fi ṣe é. Ẹ lọ aṣọ ọ̀sẹ̀ kan pa pọ̀. Èyí tí ẹ lọ̀ lálẹ́, bátìrì ni ẹ lọ̀.

Páànẹ́lì, bátìrì, àti ohun tó ń bà wọ́n jẹ́

Kàbà wà láàárín ìwọ̀n 7 sí 8 sí àríwá ìlà àárín ayé. Ìdí nìyẹn tí páànẹ́lì tiwa fi yẹ kó kọjú sí gúúsù, kó sì dà gẹ́rẹ́ ní ìwọ̀n 10 péré. Àwọn kan wo fídíò àwọn ará Yúróòpù, wọ́n sì gbé e dúró ní ìwọ̀n 35. Lọ́dọ̀ wa, láti nǹkan bí àárín oṣù kẹrin títí dé ìparí oṣù kẹjọ, ìhà àríwá ni oòrùn ọ̀sán ń gbà kọjá lórí wa, páànẹ́lì tó dúró bẹ́ẹ̀ kì í kọjú sí i dáadáa nígbà òjò tí oòrùn ti ṣọ̀wọ́n tẹ́lẹ̀. Ẹ má sì tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ pátápátá, omi á dúró sí etí rẹ̀, eruku á sì gan mọ́ ibẹ̀.

Ẹ fi àlàfo sẹ̀ǹtímítà 10 ó kéré tán sí àárín òun àti páànù òrùlé. Páànẹ́lì fẹ́ràn ìmọ́lẹ̀, kò fẹ́ràn ooru. Bí ó bá ṣe ń gbóná sí i ni iná tó ń mú wá ń dín kù. Orí òkè páànù, níbi tó ga, ni kí wọ́n ti lu ihò ìdè rẹ̀, pẹ̀lú wọ́ṣà rọ́bà. Èyí tí wọ́n bá lù sínú kòtò páànù, omi òjò ibẹ̀ ló ń gbà ṣàn, ó máa jò dandan. Nígbà ọyẹ́, ẹ fi omi àti aṣọ rírọ̀ nù ún ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Bí ẹ bá da omi tútù sí i ní ọ̀sán gangan, dígí rẹ̀ lè là. Ẹ sì tún wo òjìji: ẹ̀ka máńgòrò kan tó ṣíji bo igun páànẹ́lì kan lè fa gbogbo èyí tí wọ́n so mọ́ ọn sẹ́yìn.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ wáàtì páànẹ́lì tó máa tó, ẹ fi wákàtí 4, ìyẹn wákàtí tí oòrùn fi ń mú dáadáa lóòjọ́, pín oúnjẹ ilé, kí ẹ tún fi 0.7 pín in, nítorí iná máa ń ṣòfò lójú ọ̀nà. 2130 tó kù lẹ́yìn tí a pàrọ̀ fáànù yìí á jẹ́ nǹkan bí wáàtì 760. 2930 ti tẹ́lẹ̀ ì bá lé ní 1000.

Ooru ló ń pa bátìrì olómi jù. Ìṣirò tí àwọn oníṣẹ́ ń lò ni pé bí ibi tó wà bá fi ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì 10 gbóná ju 25 lọ, ọjọ́ ayé rẹ̀ á dín sí ìdajì. Síbẹ̀ abẹ́ páànù ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbé e sí! Inú ilé ni kí ẹ gbé e sí, lórí pákó, níbi tí afẹ́fẹ́ wà, kó jìnnà sí iná àti ibi tí wọ́n ń sùn, torí ó ń tú gáàsì tó lè gbiná. Omi dísítílì nìkan ni kí ẹ máa fi kún un. Omi kànga àti omi òjò ní ohun tó ń ba irin inú rẹ̀ jẹ́. Tí ẹ bá wọn fóòtì rẹ̀ lẹ́yìn tó ti sinmi fún wákàtí díẹ̀, 12.6 túmọ̀ sí pé ó kún, 12.1 túmọ̀ sí pé ó ti dé ìdajì, ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ má so tuntun pọ̀ mọ́ ògbólógbòó, ògbólógbòó ló máa fa tuntun lulẹ̀. Tí ẹ bá rí ìyẹ̀fun funfun tàbí aláwọ̀ ewé lórí ìdè wáyà rẹ̀, ẹ pa ínfátà, ẹ yọ wáyà, ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ, ẹ dè é le, kí ẹ fi gíríìsì díẹ̀ pa á lórí.

Ínfátà wáàtì 1000 lórí bátìrì 12 fóòtì ń fa ju ámpíà 80 lọ. Wáyà tín-ín-rín máa gbóná, ó sì lè jó. Ẹ jẹ́ kí wáyà náà nípọn, kó kúrú, kí bíréékà DC sì wà lẹ́bàá bátìrì. Bíréékà iná nẹ́pà kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn, torí iná DC kì í tètè kú nígbà tí wọ́n bá gé e, ó máa ń fò láàárín ìdè méjèèjì, ó sì ń dáná. Bátìrì tó ti kú, ẹ tà á fún àwọn tó ń ra bátìrì àlòkù. Ẹ má da omi inú rẹ̀ sílẹ̀, òjé wà nínú rẹ̀, kànga ẹni kì í sì í jìnnà.

Táǹkì omi náà, bátìrì ni

Pọ́ǹpù omi oníhọ́ọ̀sì 1 ń fa nǹkan bí wáàtì 1000, nígbà tó bá sì ń gbéra, ó ń fa ìlọ́po mélòó kan rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ínfátà kékeré fi ń ké tó sì ń pa. Ẹ fi ọ̀sán gbé omi lọ sínú táǹkì òkè, lálẹ́ omi á sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀.

Nígbà òjò, ẹ lè má nílò pọ́ǹpù púpọ̀. Òrùlé mítà 10 sí 10, tí òjò mìlímítà 10 bá rọ̀ sí i, lítà 1000 ló gbà. Ẹ yọ èyí tó ta nù, lítà 800 á kù. Gọ́tà gbọ́dọ̀ dà gẹ́rẹ́ díẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 1 fún mítà 2 tàbí 3. Òjò àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọyẹ́, ẹ jẹ́ kó fọ òrùlé lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ so páìpù íǹṣì 4 tó gùn ní mítà 3 sílẹ̀ kí omi tó dé táǹkì, kí ẹ dí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì lu ihò kékeré kan síbẹ̀. Lítà 24 ló ń gbà, ìdọ̀tí àkọ́kọ́ á kún inú rẹ̀, omi mímọ́ á wá kọjá sí táǹkì, ihò náà á sì jò ó tán kí òjò mìíràn tó dé. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bo ẹnu táǹkì.

Ìdáná

Ààrò olókùúta mẹ́ta ń ta èyí tó pọ̀ jù nínú ooru igi sí afẹ́fẹ́. Àdògán amọ̀ tó dára á dín igi kù, á sì dín èéfín kù. Ẹ kọ́kọ́ dán amọ̀ wò: ẹ ṣe é ní róbótó bí ẹyin, ẹ fi sí abẹ́ òjìji fún ọjọ́ mẹ́ta. Tó bá là, ẹ fi iyanrìn kún un. Tó bá ń rún lọ́wọ́, ẹ fi amọ̀ kún un. Ara rẹ̀ kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 10, kí ẹnu igi fẹ̀ tó 12 sí 12, kí pákó irin kékeré gbé igi sókè kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Àlàfo tó wà láàárín ìkòkò àti amọ̀ kó tó sẹ̀ǹtímítà 1. Tó bá há jù, èéfín á padà sí ojú olùdáná, tó bá fẹ̀ jù, ooru á sá lọ. Ẹ jẹ́ kó gbẹ lábẹ́ òjìji fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí iná àkọ́kọ́ sì kéré.

Igi tútù ń fi ooru rẹ̀ sè omi ara rẹ̀ ni. Ẹ̀ka kàjú tí ẹ gé lóko, ẹ là á, ẹ tò ó sábẹ́ ahéré fún oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ẹ tó dá a. Àmọ́ ẹ má ṣe fi èèpo kóró kàjú dáná nínú ilé, òróró inú rẹ̀ ń ta ara, èéfín rẹ̀ sì ń pa ojú àti ọ̀fun.

Ẹni tó ń lo gáàsì, ìta ni kí sílíńdà rẹ̀ wà. Ẹ fi omi ọṣẹ pa ìdè ọ́ọ̀sì rẹ̀, tó bá hó, ó ń jò. Iná tó pọ́n dípò kó jẹ́ búlúù ń ṣòfò, ó sì ń fi èédú pa ìkòkò. Ẹ fi abẹ́rẹ́ la ojú ihò ibi tí iná ti ń yọ.

Ẹ̀wà, ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú. Tó bá ti hó lórí iná fún ìṣẹ́jú 20, ẹ dé e pa, ẹ gbé ìkòkò gbígbóná náà sínú agbọ̀n tí ẹ ti fi àkísà gbígbẹ tẹ́ nísàlẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ fi ìrọ̀rí bo orí rẹ̀. Ẹ má ṣí i fún wákàtí 3. Yóò máa jinná fúnra rẹ̀ láìsí igi kankan lábẹ́ rẹ̀, tó bá sì kù díẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí iná á parí rẹ̀.